Ọmọ Kọ̀, Kò Dúró, Kò Rìn: Ìbéèrè Àwọn Òbí l'Abẹ́òkúta àti Ìdáhùn Wọn

Kò sí ọ̀sẹ̀ tí òbí kì í pọn ọmọ wá bá wa ní ẹ̀ka ìtọ́jú àwọn ọmọdé tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì. Wọ́n ń ti Lafẹ́nwá wá, wọ́n ń ti Ọbáńtokò wá, àwọn mìíràn gun ọ̀kadà láti apá Ọ̀dẹ̀dá. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sábà máa ń jọra: "Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi wò ó, ó ní òun ò rìn mọ́." Àwọn ìbéèrè wọn ni mo kó jọ síbí, mo sì dáhùn wọn bí mo ṣe ń dáhùn wọn lórí bẹ́ńṣì. Àwọn kan gùn, àwọn kan kò gùn, torí ewu wọn kò dọ́gba.

Àbí ọ̀lẹ ló ń ṣe ọmọ yìí ni?

Rárá o. Ọmọ ọdún méjì tó ń sá kiri àgbàlá lánàá, tó wá jí lónìí tó ń nawọ́ pé kí wọ́n gbé òun, bí nǹkan kan kò bá dùn ún, a jẹ́ pé agbára ti kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Bó bá jẹ́ àkẹ́jù lásán ni, á gbàgbé lójú ẹsẹ̀ tó bá rí bọ́ọ̀lù.

Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bi ìyá ni pé: ṣé ọmọ yìí ti ń rìn tẹ́lẹ̀ kó tó dáwọ́ dúró, àbí kò tíì rìn rí? Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti pín. Ẹni tó ti ń rìn tó wá dáwọ́ dúró, wákàtí àti ọjọ́ la fi ń ka tirẹ̀. Ẹni tí kò rìn rí, oṣù la fi ń ka tirẹ̀. A ò ní káwọ́ lẹ́rán, ṣùgbọ́n a kì í torí ẹ̀ sáré jáde lóru.

Èwo ni mi ò gbọ́dọ̀ fi di ọ̀la?

Ara tó gbóná pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí kò ṣeé tẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo kọ, ẹ má gbàgbé ìyẹn.

Ohun tí à ń bẹ̀rù ni kí kòkòrò àrùn gba inú ẹ̀jẹ̀ wọ oríkèé, pàápàá ti ìbàdí tàbí ti orúnkún, kó sì di ọyún síbẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ọyún náà lè jẹ kèrékèré tó bo orí eegun, ohun tó bá sì ti jẹ kì í sábà padà bọ̀ sípò. Ọmọ bẹ́ẹ̀ máa ń ká ẹsẹ̀ náà, á yà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ nà án. Ẹ fọwọ́ kan ìbùsùn rẹ̀ lásán, ó ti ké. Ìtọ́jú rẹ̀ ni kí wọ́n fa ọyún náà jáde ní tíátà, kí wọ́n sì máa fi oògùn apakòkòrò sí i lójú iṣan. Bó bá jẹ́ inú eegun gan-an ni kòkòrò náà wọ̀, ìtọ́jú rẹ̀ tún máa ń pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àgbo kò lè dé inú oríkèé. Kápúsù mélòó kan tí wọ́n tà fún yín ní kẹ́míìsì lè mú kí ibà rọlẹ̀ díẹ̀, kí ọyún sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ lábẹ́lẹ̀.

Màlééríà ni wọ́n sábà máa ń pè é nílé. Màlééríà lè mú kí gbogbo ara ro ọmọ kó sì dùbúlẹ̀ gbalaja, àmọ́ kì í yan ẹsẹ̀ kan.

Àwọn mìíràn tí kò gbọ́dọ̀ sùn nílé: ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì rọ lójijì, èyí tí mímí rẹ̀ tàbí ohùn rẹ̀ ti yí padà, èyí tí kò lè tọ̀, èyí tó ṣubú tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wọ́, ọmọ fòníkú-fọ̀ladìde tí ara rẹ̀ gbóná, àti ọmọkùnrin tí ẹpọ̀n rẹ̀ ń dùn ún tàbí tó wú. Òbí kì í rántí wo ti ìkẹyìn yìí, nígbà tí ọmọ bá sì ń rìn wọ̀ọ́ wọ̀ọ́ wọn á ní ẹsẹ̀ ni. Bó bá jẹ́ pé kóró ẹpọ̀n ló lọ́, nǹkan bíi wákàtí 6 péré ni ààyè tó wà láti gbà á là. Àrùn inú ìfun tó wà lápá ọ̀tún ìsàlẹ̀ ikùn náà lè mú kí ọmọ máa tẹ̀ rìn tàbí kó kọ ìrìn, nítorí náà ẹ máa fọwọ́ kan ikùn.

Kí ni mo lè wò lára ọmọ náà kí n tó gbéra?

Ẹ gbé e sórí itan yín. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ibi tẹ́ ẹ rò pé ó ń dùn ún. Ẹsẹ̀ tó dáa ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kàn, kó lè mọ̀ pé eré ni. Ojú rẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa wò, ẹ má wo ẹsẹ̀. Ọmọ tí kò tíì lè sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ ni yóò fún pọ̀ níbi tó bá dùn ún.

Ẹ bọ́ bàtà. Ẹ ya ọmọ ìka ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan síra, ẹ wo àárín wọn, ẹ gbé àtẹ́lẹsẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀. Ẹ̀gún, ìṣó, àfọ́kù ìgò, ìléròrò tí bàtà tuntun fà, ibi tí iyanrìn gbígbóná ti jó o: ọ̀pọ̀ ìgbà ni ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Fún ọmọ ọwọ́, ẹ wò ó dáadáa bóyá fọ́nrán irun tàbí òwú ìbọ̀sẹ̀ ló wé mọ́ ìka kan. Ó tín-ín-rín débi pé ojú lásán lè má rí i, ìka náà á sì ti pọ́n, á wú. Bẹ́ ò bá rí i já wẹ́rẹ́, ẹ máa lọ sọ́sibítù, torí ó ń dí ẹ̀jẹ̀ lọ́nà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ eegun ojúgun díẹ̀díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ẹ ká orúnkún, ẹ nà án. Ní ti ìbàdí, ìgbà tẹ́ ẹ bá ń pààrọ̀ ìlédìí la máa ń mọ̀ ọ́n: ẹ ya itan méjèèjì, ẹ wò ó bóyá ọ̀kan kò yà tó èkejì, tàbí bóyá ìgbà yẹn gan-an ló fi ń ké.

Àmì méjì kan wà tí mo fẹ́ràn. Ọmọ tó kọ̀ tí kò dúró, ṣùgbọ́n tó ń rá kòrò ká pálọ̀, àfàìmọ̀ ni kò fi ní jẹ́ ìsàlẹ̀ orúnkún ni ìṣòro rẹ̀ wà, torí orúnkún rẹ̀ ló fi ń rìn yẹn. Èyí tí kò fẹ́ rìn, tí kò fẹ́ rá, tí kò tún fẹ́ jókòó, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ìkejì: ọmọ tó ń tọ́ka sí orúnkún, tí ẹ yẹ orúnkún wò tí kò sí nǹkan kan, ẹ yẹ ìbàdí rẹ̀ wò. Ìrora ìbàdí máa ń sọ̀ kalẹ̀ sí orúnkún, ó sì ti mú kí wọ́n ya àwòrán ibi tí kò yẹ fún ọ̀pọ̀ ọmọ.

Kò ṣubú níbì kankan. Báwo ni eegun rẹ̀ ṣe máa sán?

Ọmọ láti bí oṣù 9 sí ọdún 3 kò nílò kó já láti òkè kí eegun ojúgun rẹ̀ tó sán. Kó fẹsẹ̀ há nígbà tó ń yí padà, kó fò sílẹ̀ lórí àga, kó jókòó lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́sẹ̀ kí wọ́n jọ yọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí ohun ìṣeré onígẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì lọ́, ó ti tó. Ìlú orí àpáta nìlú wa. Àkàsọ̀ àti òkúta tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé àwọn ará Ìtòkú àti Ìkìjà, ọmọdé ló mọ bó ṣe ń lò wọ́n nígbà tí ẹnikẹ́ni kò wò ó. Ẹsẹ̀ náà lè má wú. Àwòrán X-ray àkọ́kọ́ gan-an lè má fi nǹkan kan hàn, kó jẹ́ pé èyí tí wọ́n bá yà lẹ́yìn ọjọ́ 7 sí 14 ni yóò fi eegun tuntun tó ń hù síbẹ̀ hàn. Nítorí náà, bí dókítà bá ní kẹ́ ẹ padà wá ya òmíràn, owó kọ́ ló ń wá. Wọ́n á dè é, á sì jinná láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin.

Wọn á bi yín léèrè bó ṣe ṣẹlẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má bínú. Gbogbo ọmọ kékeré tí eegun rẹ̀ sán la máa ń bi bẹ́ẹ̀, torí àwọn kan wà tí wọ́n lù, tí kò sì sẹ́ni tó máa gbẹnu sọ fún wọn.

Ṣé kí n kọ́kọ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun?

Èmi kò ní bá yín pe baba wọn ní òpùrọ́. Àwọn kan nínú wọn mọ ọwọ́. Ṣùgbọ́n ọyún inú oríkèé àti eegun tó sán jọra lójú ẹni tí kò ní X-ray, kò sì ní yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ohun tó tún ń dẹ́rù bà mí ni ọparun àti aṣọ tí wọ́n máa ń dì le koko. Bí wọ́n bá ti dì í fún yín tẹ́lẹ̀, ẹ wo ìka ẹsẹ̀ ọmọ nísinsìnyí: tó bá tutù, tó wú, tó dúdú, tàbí tí kò mira mọ́, ẹ tú u kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹsẹ̀ ti ṣègbé lórí irú ìdì bẹ́ẹ̀, tó jẹ́ pé gígé ló kù.

Ọ̀fìnkìn ló ṣe é lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ti lọ. Ó wá ń tiro.

Ó wọ́pọ̀, pàápàá láàárín ọdún 3 sí 10, ó sì pọ̀ lára ọkùnrin ju obìnrin lọ. Omi máa ń sun sínú oríkèé ìbàdí lẹ́yìn irú òtútù bẹ́ẹ̀. Ara kì í gbóná púpọ̀, ọmọ ṣì ń jẹun, ó ń ṣeré lórí ìjókòó. Ìsinmi àti oògùn ìrora ni, ó sì máa ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé kẹ́ni tó lè sọ pé òun nìyí, ó ní láti kọ́kọ́ rí i pé kì í ṣe ọyún. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fa ẹ̀jẹ̀, tí a sì ń fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo aláboyún wo ìbàdí rẹ̀.

Àwọn ọmọ tó ti ń lọ sílé ìwé tún máa ń ní èyí tó jẹ́ pé ẹran ẹ̀yìn ojúgun méjèèjì ló ń ro wọ́n, tí wọ́n á máa fi orí ìka ẹsẹ̀ rìn. Bí ọ̀sẹ̀ kan lòun náà ń gbà. Àfi bí ìtọ̀ bá wá dúdú. Ìyẹn ti di ọ̀rọ̀ kíndìnrín, ẹ gbé e wá.

Ẹ̀yìn ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, kò sì gbé e mọ́lẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀mí burúkú ni.

Ẹ lọ yẹ genotype rẹ̀ wò. Lára ọmọ tó wà láàárín oṣù 6 sí ọdún 2 tàbí 3, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wíwú yìí ló sábà máa ń jẹ́ àmì àkọ́kọ́ àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ gbé wá láti inú oyún ló ń dáàbò bò ó fún oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́, ìdí nìyẹn tí ara rẹ̀ fi le nígbà ìkómọ tẹ́ ẹ sì rò pé kò sí wàhálà. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ yẹn bá ń dínkù, àwọn ẹ̀yà ẹ̀jẹ̀ tó tẹ̀ kọrọdọ á bẹ̀rẹ̀ sí í dí ọ̀nà nínú àwọn eegun wẹ́wẹ́ ọwọ́ àti ẹsẹ̀.

Ibi tí à ń bá àwọn òbí fà á sí nìyí: "AA ni wá, ṣọ́ọ̀ṣì yẹ̀ ẹ́ wò ká tó ṣègbéyàwó." Mo gbọ́. Ẹ yẹ ọmọ wò. Ìwé àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe ní ibi tí wọn kò ti tọ́jú ẹ̀rọ dáadáa ti da ìdílé púpọ̀ rú nílùú yìí. Bí bàbá àti ìyá bá jẹ́ AS, oyún kọ̀ọ̀kan ló ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti bí SS. Kì í ṣe pé tí àkọ́kọ́ bá jẹ́ SS, àwọn mẹ́ta tó kù á bọ́.

Ẹ fún un lómi mu dáadáa, ẹ jẹ́ kó móoru, ẹ fún un ní oògùn ìrora, kẹ́ ẹ sì gbé e wá. Ẹ má fi omi tútù tàbí yìnyín sí i. Nígbà tó bá dàgbà díẹ̀, tó wá ń tiro fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ láìsí ibà, orí eegun itan rẹ̀ lè ti máa kú nítorí ẹ̀jẹ̀ kò dé ibẹ̀. Ìyẹn náà ní ìtọ́jú, ó sì dára ká tètè rí i.

Abẹ́rẹ́ ni wọ́n gún un sídìí níjọ́sí. Láti ìgbà náà ni kò ti gbé ẹsẹ̀ kan.

Mi ò lè fọwọ́ pẹ̀lẹ́ mú ọ̀rọ̀ yìí. Iṣan ńlá kan wà tó ti ẹ̀yìn gba inú ìdí sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀, òun ni ọpọlọ fi ń rán ẹsẹ̀ níṣẹ́. Ìdí ọmọdé kò lẹ́ran, iṣan náà sì sún mọ́ ìta. Ẹni tó bá fi abẹ́rẹ́ ṣe ojú ibẹ̀, ọmọ á ké kíkan, láàárín ìgbà náà sí wákàtí díẹ̀ ẹsẹ̀ á rọ, iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ á so rọ̀, á máa wọ́ nílẹ̀ bó bá gbìyànjú láti rìn. Àwọn kan máa ń bọ̀ sípò lẹ́yìn oṣù mélòó kan, pẹ̀lú físíò (ìtọ́jú onídàárayá) àti ohun tí wọ́n fi ń gbé àtẹ́lẹsẹ̀ ró. Àwọn kan kì í bọ̀ sípò.

Ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń gún àwọn ọmọ ní àjẹsára ọ̀sẹ̀ 6: òkè itan, lápá ìta. Kì í ṣe pé ó wù wọ́n bẹ́ẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gún ọmọ yín sí ìdí fún ibà, pàápàá ní ṣọ́ọ̀bù tí kò sí dókítà, ẹ bi í pé kí ló dé tí kò fi lè jẹ́ oògùn tí wọ́n ń gbé mì. Ọmọ tó lè gbé nǹkan mì, tí kì í bì, kì í sábà nílò abẹ́rẹ́ màlééríà. A ti sọ ọ́ di àṣà pé ìtọ́jú tí kò ní abẹ́rẹ́ kò tó owó tí a san.

Tí ó bá jẹ́ pé ibi tí wọ́n gún ló wú, tó gbóná, tó le, eéwo ni yóò jẹ́. Òun náà lè dá ìrìn dúró, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá là á, ó sábà máa ń tán.

Ṣé rọpárọsẹ̀ kọ́ nìyẹn?

Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ, ọdún 2020, ni wọ́n kéde pé kòkòrò rọpárọsẹ̀ tó ti ìgbà ìwáṣẹ̀ wà ti kúrò ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ṣùgbọ́n irú kan tó ti ara àjẹsára tí wọ́n ń kán sọ́mọ lẹ́nu yí padà ṣì lè tàn kálẹ̀ níbi tí ọmọ tí kò gba àjẹsára bá ti pọ̀. Nítorí náà, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15 tí apá tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá rọ lójijì, yálà wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ tàbí wọn kò gún un, ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ fi tó òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tó wà fún ìfitónilétí àrùn létí. Wọn yóò gba ìgbẹ́ ọmọ náà lẹ́ẹ̀mejì, ó kéré tán kí wákàtí 24 wà láàárín méjèèjì, láàárín ọjọ́ 14 tí ẹsẹ̀ ti rọ. Ẹ gbà á láyè. Kò ní ná yín lówó.

Àrùn mìíràn tó jọ ọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìgbẹ́ gbuuru tàbí ikọ́: ẹsẹ̀ méjèèjì á kọ́kọ́ rọ, rírọ náà á máa gòkè lọ sí itan, sí apá, sí àyà. Tó bá dé àyà, mímí dèwu. Ọmọ bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kúrò lójú àwọn dókítà.

Ọmọ mi pé ọdún kan àti oṣù mẹ́rin, kò tíì rìn rí.

Láàárín oṣù 8 sí oṣù 18 ni ọ̀pọ̀ ọmọ tó dá ṣáṣá ń bẹ̀rẹ̀ sí í dá rìn. Ìgbà tí ọmọ àǹtí yín rìn kò kan tiyín. Àwọn tó ń fi ìdí wọ́ nílẹ̀ dípò kí wọ́n rá máa ń pẹ́ díẹ̀ sí i, èyí tí wọ́n bí kó tó pé oṣù, ẹ yọ iye oṣù tí kò pé náà kúrò. Bó bá pé oṣù 18 tí kò rìn, kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò. Kẹ́ ẹ má sì dúró di ìgbà yẹn bí kò bá tíì lè dá jókòó ní oṣù 9, bí ara rẹ̀ bá le gan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gba orí ara wọn kọjá, tàbí bó bá ń rọ̀ jọwọrọ, tàbí tó ń lo ọwọ́ kan ṣoṣo ṣáájú ọdún kan.

A máa ń béèrè ìtàn ìbí rẹ̀. Ṣé ó ké lójú ẹsẹ̀? Ṣé ojú rẹ̀ pọ́n bíi ti ibà pọ́njú láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́? Pípọ́n ojú tó le, tí wọn kò tètè tọ́jú, lè ba ọpọlọ jẹ́, káńfọ̀ tí a ń kó sáàárín aṣọ ọmọ sì máa ń fà á lára àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò gbà á. Bó bá jẹ́ ọpọlọ ló fara pa, físíò tó tètè bẹ̀rẹ̀ ló ń ṣe é láǹfààní jù.

Ìyá ọkọ mi ní ká gbẹ́ kòtò, ká ri ẹsẹ̀ ọmọ mọ́ ọn kó lè le.

Ẹ bá mi kí ìyá, ẹ sọ pé a dúpẹ́. Kòtò kò ní àrùn tó ń wò. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń fi ọmọ sínú rẹ̀ kó lè máa sáré ká ilé náà kò mú ọmọ tètè rìn. Orílẹ̀-èdè Kánádà ti fòfin de títà rẹ̀ láti ọdún 2004 nítorí àwọn ọmọ tó ń bá a já láti orí àkàsọ̀.

Oúnjẹ ńkọ́? Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń tẹ̀.

Ẹ wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀ bóyá ó fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, àti egungun ìhà rẹ̀ bóyá kókó wà lórí wọn. Eegun rẹ̀ rọ̀ nìyẹn, ó sì ń ro ó. Oòrùn la máa ń sọ fún àwọn òbí láyé àtijọ́, a sì ní oòrùn tó pọ̀. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Jos, tó jáde ní 1999, fi hàn pé lára àwọn ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n tọ́jú, kálísíọ̀mù ló sábà ń wọ́n wọn ju fítámì D lọ. Kò yà mí lẹ́nu. Ẹ̀kọ láàárọ̀, láfún lọ́sàn-án, ẹ̀kọ lálẹ́. Ẹ̀gbá ni mí, mi ò ní bú láfún, ṣùgbọ́n eegun kò lè fi í mọlé. Ẹja wẹ́wẹ́ gbígbẹ tí a lọ̀ teegunteegun sínú ọbẹ̀ tàbí sínú ẹ̀kọ ọmọ kò wọ́n tó wàrà inú agolo. Àmọ́ kí dókítà rí ẹsẹ̀ náà, torí oògùn kálísíọ̀mù ní ìwọ̀n.

Ó ti ń ṣe é fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ó ń rù.

Ẹ sọ fún dókítà bí ẹnikẹ́ni nílé bá ń wúkọ́ tipẹ́. Ikọ́ ẹ̀gbẹ máa ń wọ ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọdé, iké kékeré á yọ, ẹsẹ̀ á sì máa rọ díẹ̀díẹ̀. Bó bá funfun lójú àti lẹ́nu, tí àpá dúdú ń yọ lára rẹ̀ láìsí pé ó gbá nǹkan, tí ibà ń lọ tó ń bọ̀, tí ẹsẹ̀ ń ro ó lóru, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kíákíá. Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọmọkùnrin ọdún mẹ́rin ni. Kó tó dìde nílẹ̀ ó máa ń gun itan ara rẹ̀.

Àrùn inú ẹran ara ni a ó wá, èyí tí wọ́n ń bí mọ́ni. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òru, ṣùgbọ́n ẹ gba ìwé láti rí dókítà ọmọdé.

Ibo ni kí n gbé e lọ, kí sì ni kí n mú dání?

Bó bá jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí kò gbọ́dọ̀ sùn nílé, ẹ má dúró ti ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé. FMC (ọsibítù ìjọba àpapọ̀) ní Ìdí-Àbà, Ọsibítù Ìjọba Ìpínlẹ̀ ní Ìjàyè, tàbí Sacred Heart ní Lántòrò, èyí tó bá sún mọ́ yín. Àwọn tó kù lè bẹ̀rẹ̀ láti alábọ́ọ́dé àdúgbò, wọn á sì kọ ìwé fún yín.

Ẹ mú káàdì àjẹsára, ìwé genotype bó bá wà, àti páálí gbogbo oògùn tó ti lò, àgbo náà pẹ̀lú. A kò ní bínú, a kàn fẹ́ mọ̀ ni. Parasitamọ́ọ̀lù tó bá ìwọ̀n ara rẹ̀ mu kò burú kẹ́ ẹ tó jáde, ẹ kàn kọ aago tẹ́ ẹ fún un sílẹ̀. Ẹ má fún un ní aspirin. Ẹ má fọwọ́ wọ́ ẹsẹ̀ náà, ẹ má fi òrí tàbí bàámù ra ẹsẹ̀ tó wú.

Ó ti ń rìn báyìí. Ṣé ó di dandan ká padà wá lọ́jọ́ tí wọ́n dá fún wa?

Ẹ padà wá. Bí ara rẹ̀ bá sì tún gbóná kí ọjọ́ náà tó pé, tàbí tó tún kọ ìrìn, ẹ má dúró de ọjọ́ náà; ẹ gbé e bọ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, kẹ́ ẹ sọ fún ẹni tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ pé ọmọ yìí ti wá síbí rí.